Ọkùnrin Tó Ń Bá Ìyàwó Ẹ̀ Dáhùn Lórí Òkè

Ọkùnrin kan wà, ará Ìdànrè, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé ẹ̀ dáhùn ìbéèrè fúnra ẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Bó o bá pàdé ẹ̀ lọ́nà, tó o ní, "Ìyàwó ńkọ́?" á ní, "A dúpẹ́." "Àwọn ọmọ ńkọ́?" "A dúpẹ́." Bó o bá béèrè ewúrẹ́ ẹ̀ tó ń ṣàìsàn, a dúpẹ́ náà ni. Ìyàwó ẹ̀ á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á la ẹnu díẹ̀, á tún pa á dé. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ́ àwọn méjèèjì lára.

Nígbà tí ọgbọ̀n ọdún ìgbéyàwó wọn pé, àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun fi ìrìn-àjò kan ta wọ́n lọ́rẹ. Ìsinmi ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rin ìsinmi ọ̀hún. Ilẹ̀ Peru ni, ọ̀nà jíjìn, níbi tí òkè ti ga débi pé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ èèyàn ni àwọsánmà ń gbà kọjá. Láyé àtijọ́, àwọn kan tí wọ́n ń pè ní Ínkà ló ń jọba níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ìlú sórí òkè, wọ́n fi òkúta tẹ́ ọ̀nà, wọ́n to òkúta léra láìsí sìmẹ́ǹtì, tí abẹ ìfárí ò sì lè wọ àárín wọn. Àwọn tó kọ́ ọ ti lọ. Òkúta ò lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn àlejò fi ń rin ọ̀nà yẹn kí wọ́n tó dé ìlú òkúta kan tó wà lópin ẹ̀.

Ọmọ wọn àgbà pè lórí fóònù. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ lọ?" Kí ìyá tó gba fóònù, bàbá ti dáhùn. "A fẹ́ lọ. Inú wa dùn gan-an."

Ó wá yíjú sí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó ní, "Òkè kí ni wọ́n fẹ́ fi dẹ́rù bà mí? Ìdànrè ni wọ́n bí mi sí. Àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè lé ní ẹgbẹ̀ta. Mo ti ń sá gùn ún láti kékeré." Òótọ́ ló sọ. Ohun tí kò mọ̀ ni pé tó o bá gun òkè Ìdànrè dé góńgó, afẹ́fẹ́ ẹ ṣì ń dúró dè ẹ́ níbẹ̀. Òkè tí wọ́n ń lọ yìí, ṣe ló ń já afẹ́fẹ́ gbà lẹ́nu èèyàn. Wàá mí, kò ní tó. Wàá tún mí, kò ní tó. Kò mọ ọ̀dọ́, kò mọ àgbà. Ó lè fi arúgbó sílẹ̀ kó mú ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù.

Wọ́n dé ibẹ̀. Ẹni mẹ́jọ ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ náà, òyìnbó ni àwọn mẹ́fà yòókù. Afinimọ̀nà wọn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀, ọkùnrin kúkúrú kan tó gbọ́ èdè òyìnbó níwọ̀nba, tí kì í rẹ́rìn-ín ṣáá. Ó ní igbákejì kan, àti àwọn alágbàárù tó ń ru ẹrù wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, afinimọ̀nà kó wọn jọ.

"Ohun mẹ́ta ni màá máa bi yín láràárọ̀," ó ní. "Ṣé orí ń fọ́ yín? Ṣé ẹ jẹun? Ṣé ẹ sùn? Ẹ má purọ́ fún mi. Ẹni tí ara ẹ̀ ò bá yá, màá dá a padà sísàlẹ̀, kò sí ìjà níbẹ̀." Ó nawọ́ sí àgbélébùú kékeré kan tí wọ́n fi òkúta tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. "Ẹni tó wà níbẹ̀ yẹn, òun náà ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun."

Ẹ̀rù ba gbogbo wọn. Ó ba ọkùnrin Ìdànrè yìí náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tiẹ̀ yàtọ̀. Pé wọ́n á dá èèyàn padà, ìyẹn ló gbọ́. Ó wo àwọn òyìnbó mẹ́fà, ó wo ara ẹ̀, ó fi Yorùbá sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé, "Ìyá Ṣèyẹ, àwa nìkan ni dúdú níbí o. Wọn ò ní tìtorí tiwa sọ pé aláwọ̀ dúdú ò lè gun òkè."

"Mo gbọ́, Bàbá Ṣèyẹ."

Ọjọ́ kìíní rọrùn. Etí odò ni wọ́n gbà. Wọ́n rí àwọn oko àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ sára òkè bí àtẹ̀gùn, tí wọ́n fi òkúta dì í mú kí ilẹ̀ má baà ya. Ọkùnrin náà ya fọ́tò. Nínú gbogbo fọ́tò ọ̀hún, òun ló wà níwájú.

Ọjọ́ kejì mọ́, afinimọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Obìnrin òyìnbó kan ní orí ń fọ́ òun. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó mu omi, kó máa rọra rìn. Ẹnikẹ́ni ò fi í ṣẹ̀sín. Ìyàwó ará Ìdànrè ń wò ó bí ẹni tí ebi ń pa ṣe máa ń wo ẹni tó ń jẹun.

Ó kàn wọ́n.

"Ṣé orí ń fọ́ yín?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ni ọkọ wí.

Afinimọ̀nà wò ó. "Mi ò béèrè Ọlọ́run. Orí ni mo béèrè."

"Orí náà, a dúpẹ́."

Bó ṣe túmọ̀ ẹ̀ sí òyìnbó fún un nìyẹn, pẹ̀lú "àwa" nínú ẹ̀. Ìwọ náà mọ "àwa" yẹn. Ó fẹ̀ bí agboòrùn, ẹni méjì lè wọ abẹ́ ẹ̀ kí wọ́n máà rí ojú ẹnì kejì. Afinimọ̀nà rò pé ẹni méjì ló dá òun lóhùn. Ó kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Bẹ́ẹ̀, orí ti ń fọ́ ìyàwó láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Nígbà tí wọ́n gun òkè fún wákàtí méjì, ó fa ọkọ ẹ̀ láṣọ. "Bàbá Ṣèyẹ, ara mi ń fẹ́ àlàáfíà díẹ̀."

O mọ bá a ṣe máa ń sọ ọ́. A kì í fẹ́ pe àìsàn lórúkọ, kó má baà jẹ́ wa. A ó ní ara ń fẹ́ àlàáfíà, bí ẹni pé àlàáfíà wà ní ọjà, tí a kàn fẹ́ rán ọmọ lọ rà á wá.

Ọkọ ní, "Má fẹnu ẹ pe ohun tá ò pè."

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí obìnrin náà fi yà sẹ́yìn ògiri àwọn Ínkà kan, tó bì. Ó bi gbogbo ohun tó jẹ, ó tún bi omi. Ọkọ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi ẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò ó, bí ológbò. Ògiri tí àwọn ọba kọ́, tí òjò ò wó, tí ilẹ̀ mímì ò wó, ohun tí wọ́n wá lò ó fún nìyẹn.

"Ó ti tán," ó sọ fún un. "Fi omi yọ ẹnu. Ọ̀la la máa kọjá ibi tó ga jù. Tá a bá ti kọjá ẹ̀, ìsàlẹ̀ ló kù."

Má rò pé ẹ̀rù ò ba ọkọ. Ó ń rìn lẹ́yìn ẹ̀, ó ń fetí sí bó ṣe ń mí. Èémí náà ń dún bí omi tó ń hó nínú ìkòkò kékeré. Ó sọ lọ́kàn ara ẹ̀ pé tí afinimọ̀nà bá tún béèrè, òun á sọ ọ́. Àmọ́ ilẹ̀ mọ́, afinimọ̀nà béèrè, ẹnu ẹ̀ sì ṣí fúnra ẹ̀. "A dúpẹ́."

Ọjọ́ kẹta nìyẹn. Kùrukùru bo òkè. Ọ̀nà náà tín-ín-rín, òkúta ní ọwọ́ kan, ọ̀gbun ní ọwọ́ kejì, o ò sì rí ìsàlẹ̀ ọ̀gbun. Afinimọ̀nà ní kí wọ́n máa fara ti òkúta. Ẹnì kan ṣèèṣì ta òkúta wẹ́wẹ́ kan dànù, ó ré bọ́ sí inú kùrukùru. Gbogbo wọn dúró kí wọ́n lè gbọ́ ìgbà tó máa balẹ̀. Wọn ò gbọ́.

Ìgbà yẹn ni ìyàwó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ta ló ń se ẹ̀wà?"

"Ẹ̀wà wo?" ni ọkọ béèrè.

"Ó ti ń jóná. Àǹtí Àjọkẹ́, ẹ yọ igi kan nídìí ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n obìnrin náà ni Àjọkẹ́. Ó ti kú láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn.

Irun dìde lórí ọkọ. Afinimọ̀nà ti gbọ́ ohùn, ó yíjú padà. "Kí ló sọ?"

"Ó ń ṣàwàdà ni," ni ọkọ wí. "A dúpẹ́." Ó sì rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Afinimọ̀nà sọ ẹrù ẹ̀ kalẹ̀. Ó wá ibi tí ọ̀nà ti fẹ̀ díẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ fa ìlà kan sílẹ̀. Ó ní, "Kó rìn lórí ìlà yìí. Kó máa fi gìgísẹ̀ ọ̀kan kan ọmọ ìka èkejì."

Kí obìnrin náà tó gbé ẹsẹ̀, ọkọ ẹ̀ ti bọ́ síwájú. Ó rin ìlà náà gún régé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó wá yíjú padà bí ẹni tó ń retí àtẹ́wọ́.

"Ìwọ kọ́," ni afinimọ̀nà wí.

Ìyàwó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó gbé èkejì. Ẹ̀kẹta ò dé orí ìlà, ọ̀nà ọ̀gbun ló ń gbé e lọ. Afinimọ̀nà fò mọ́ ọn, ó di ẹ̀wù òtútù ẹ̀ mú, ó fà á padà. Nígbà tí wọ́n gbé e jókòó, wọ́n rí i pé ètè ẹ̀ ti dà bí aṣọ aró tó ti ṣá. Ó ń wo ọkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó ń wò.

"Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?" ni afinimọ̀nà béèrè.

Ọkùnrin náà la ẹnu. Ó ní, "A..." Ọ̀rọ̀ tó kù ò jáde.

Sílíńdà afẹ́fẹ́ kékeré kan ni wọ́n ní. Wọ́n fi í sí i nímú. Ṣùgbọ́n oògùn àìsàn yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ni: ìsàlẹ̀. Kí ẹni náà tètè sọ̀ kalẹ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ wà, kó tó pẹ́ jù. Ẹṣin ò lè gun ibẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn alágbàárù wọn, ọkùnrin kan tí èjìká ẹ̀ fẹ̀, tú aṣọ tó fi ń ru ẹrù, ó pọn obìnrin náà sẹ́yìn bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ. Àwọn òyìnbó dúró ti igbákejì afinimọ̀nà. Àwọn mẹ́rin yòókù kọjú sí ibi tí wọ́n ti gùn wá.

Àtẹ̀gùn òkúta ni ọ̀nà náà. Àwọn tó gbẹ́ ẹ ò ro ẹni tí yóò máa sáré sọ̀ ọ́ nínú òjò. Òmíì ga dé orúnkún, ó sì ń yọ̀. Alágbàárù ń sọ̀ ọ́ ní ẹ̀gbẹ́, afinimọ̀nà dì í ní apá mú. Ọkọ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ìyàwó ẹ̀ méjèèjì tó ń mì dirodiro nìkan ló ń rí, àti orí ẹ̀ tó ń gbá sọ́tùn-ún sósì.

Lẹ́yìn ìwọ̀n àádọ́ta àtẹ̀gùn, afinimọ̀nà pariwo sí obìnrin náà létí. "Kí lorúkọ ẹ?"

"Fẹ̀yíntọlá," ni ọkọ dáhùn láti ẹ̀yìn.

Wọ́n tún sọ̀. "Kí lorúkọ ẹ?"

"Fẹ̀yíntọlá ni."

Wọ́n tún sọ̀. "Ọmọ mélòó lo bí?"

"Mẹ́ta," ni ọkọ wí. "Ọkùnrin méjì, obìnrin kan."

Afinimọ̀nà dúró. Ó yíjú padà. Èdè òyìnbó ò ya "ẹ" sọ́tọ̀ kúrò lára "o", ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ọkùnrin Ìdànrè yìí gbọ́ ọ, "o" ni.

"Mo mọ orúkọ ẹ̀," ni afinimọ̀nà wí. "Ó wà nínú ìwé mi. Mi ò wá orúkọ. Ohùn ẹ̀ ni mò ń wá. Tó o bá tún bá a dáhùn, ó lè kú sẹ́yìn ọkùnrin yìí kí n máà mọ̀. Ìwọ ni màá máa gbọ́, òun á ti lọ."

Wọ́n sọ̀ ọ́ lọ.

"Kí lorúkọ ẹ?"

Kò sóhùn.

Ọkọ fi ọwọ́ bo ẹnu ara ẹ̀. Mo fẹ́ kó o fojú inú wo ọkùnrin yẹn. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi wà pẹ̀lú obìnrin yìí. Ó mọ iye iyọ̀ tó ń fi sọ́bẹ̀. Ó mọ ẹsẹ̀ ẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé láìwẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kò mọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó dáhùn ìbéèrè, torí pé kò dúró rí. Ìdákẹ́jẹ́ ọ̀hún wà níwájú ẹ̀ báyìí, kò sì mọ̀ bóyá ti ìyàwó òun ni tàbí ti ikú.

"Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Kò sóhùn. Àádọ́ta àtẹ̀gùn. Bàtà obìnrin náà kan bọ́. Ọkọ mú un nílẹ̀, ó dì í mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́. Wọ́n béèrè, kò sóhùn. Wọ́n tún sọ̀. Kùrukùru ti wà lókè orí wọn, wọ́n ti ń rí igi. Alágbàárù ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọkọ ń gbàdúrà, kò mọ ohun tó ń sọ nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n kò jọ pé "a dúpẹ́" wà níbẹ̀.

"Fẹ̀yíntọlá!" ni afinimọ̀nà ké. Kò lè pe orúkọ náà dáadáa, ó pè é bí ẹni tí ẹ̀gún há lọ́fun. "Fẹ̀yíntọlá! Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an. Ohùn kan wá jáde láti ẹ̀yìn alágbàárù, tín-ín-rín bí òwú, ní Yorùbá.

"Mi ò tiẹ̀ fẹ́ wá."

Afinimọ̀nà yíjú sí ọkọ. "Kí ló sọ?"

Ọkọ ti jókòó sórí àtẹ̀gùn tútù, ó ń sunkún. Ẹnu ẹ̀ ti fẹ́ sọ nǹkan mìíì, nǹkan tó dùn-ún gbọ́, o mọ̀ ọ́n. Ó gbé e mì. Ó ní, "Ó ní òun ò fẹ́ wá."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, láti ọgbọ̀n ọdún, tó máa jíṣẹ́ obìnrin náà gẹ́gẹ́ bó ṣe rán an.

"Ó dáa," ni afinimọ̀nà wí. "Ó wà láàyè."

Obìnrin náà ráhùn títí dé ìsàlẹ̀. Ó ní orí ń fọ́ òun láti àná. Ó ní òtútù ń mú ẹsẹ̀ òun kan, ta ló mú bàtà òun? Ó ní ká ní wọ́n bi òun ni, Ìbàdàn lòun ì bá lọ, kí òun lọ jókòó ti àbúrò òun. Ọkọ ń tẹ̀ lé e, ó ń gbọ́.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní omi ti ń gbá jọ sínú ọpọlọ ẹ̀. Ọkọ béèrè pé tí wọ́n bá pẹ́ sí i lókè ńkọ́? Dókítà ní kó lọ jókòó ti ìyàwó ẹ̀. Wọn ò fojú kan ìlú òkúta yẹn títí wọ́n fi padà sílé. Nígbà tí wọ́n dé, bí èèyàn bá kí ọkùnrin náà pé ìyàwó ńkọ́, á ní, "Ẹ bi í." Àwọn ará àdúgbò wá ń sọ láàárín ara wọn pé ó dájú, wọ́n jà ní Peru.

Ọ̀gbẹ́ni, mi ò dé Peru rí, ìwọ náà ò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n o wọlé sí mi láàárọ̀ yìí, o jókòó, o ní, "Bàbá, a ti pinnu. A máa kó lọ sílé àwọn òbí mi. Ìyàwó mi á ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ẹ̀ pa. A fẹ́ kẹ́ ẹ gbàdúrà sí i fún wa." Mo ní ìyàwó ńkọ́? O ní, "A dúpẹ́, sà. Ó wà níta." Mo yọjú lójú fèrèsé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ká etí ìró ẹ̀ mọ́ ìka, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀. Ìwọ náà ò mọ̀. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Mi ò sọ pé o burú. Ẹni tó burú ò ní í mú ìyàwó ẹ̀ wá sọ́dọ̀ àgbà. Ó ṣeé ṣe kí ìyàwó ẹ tiẹ̀ fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n "a" tó o sọ fún mi yẹn, ẹni mélòó ló wà nínú ẹ̀? Tí mo bá gbàdúrà lé e lórí, tí mo ní kẹ́ ẹ ṣe àmín, àmín ta ni màá gbọ́?

Dìde. Lọ pè é wọlé. Kó jókòó sórí àga tó o wà yẹn, kí ìwọ lọ dúró sídìí fèrèsé. Èmi ni màá bi í. Ó lè pẹ́ kó tó dáhùn. Ẹ̀rù á bà ẹ́, ẹnu á sì máa yún ẹ. Pa á dé. Má ràn án lọ́wọ́.